Mátíríìsì fún àpòpọ̀ oúnjẹ adìyẹ: báwo lẹ ṣe ń tò ó?

Alápòpọ̀_Ṣàgámù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé ìlọ oúnjẹ adìyẹ ní Ṣàgámù ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Àpótí Pearson la fi ń ṣírò àpòpọ̀ níbẹ̀. Àgbàdo ní purotéènì 9%, soya ní 44%, a ń wá 18%. A yọ 18 kúrò nínú 44, ó ku 26, ti àgbàdo nìyẹn. A yọ 9 kúrò nínú 18, ó ku 9, ti soya nìyẹn. Àròpọ̀ jẹ́ 35, a pín in, ó parí.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọjà di mẹ́rin: àgbàdo, soya, wheat offal (èèpo àlìkámà) àti limestone (òkúta tó ní kálísíọ̀mù). Oúnjẹ adìyẹ tó ń yéyin la fẹ́ pò. Purotéènì gbọ́dọ̀ jẹ́ 16.5%, kálísíọ̀mù 3.6%, agbára 2,600 kílókálórì nínú kílò kan. Bí a bá tún purotéènì ṣe, agbára á já wálẹ̀. Bí a bá gbé agbára sókè, purotéènì á sá.

Ìbéèrè mi jẹ́ méjì. Èkíní: wọ́n ní mátíríìsì lè yanjú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, báwo la ṣe ń tò ó sínú Excel? Èkejì: oríṣi oúnjẹ mẹ́ta la ń tà, ti adìyẹ tó ń yéyin (layers), ti adìyẹ tó ń dàgbà (grower) àti ti òròmọdìyẹ. Tí àwọn oníbàárà ní Ìpẹ̀rù, Òde Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú-Òde bá ti sọ iye tọ́ọ̀nù tí wọ́n ń fẹ́, báwo la ṣe máa mọ iye ọjà tí a máa rà láìjókòó ti kalikulétọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀.

Ìbú_àti_Òòró

Àpótí Pearson kò ṣẹ̀ yín. Ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ lẹ gbé rù ú. Ọjà méjì àti ohun kan ṣoṣo tí à ń wá ló mọ̀ ọ́n ṣe.

Mátíríìsì kò ju nọ́ńbà tí a tò sí ìbú àti òòró lọ. Ẹni tó bá ti jókòó ti ọpọ́n ayò ti rí ọ̀kan: ìlà méjì, ihò mẹ́fà-mẹ́fà, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Gbé ọmọ ayò láti ihò kan sí òmíràn, iye ọmọ orí ọpọ́n ṣì jẹ́ 48, ṣùgbọ́n eré ti yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni mátíríìsì. Ibi tí nọ́ńbà jókòó sí ló ń sọ ohun tó dúró fún.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ yọ àwọn nǹkan tí ìwọ̀n wọn kì í yí padà sọ́tọ̀. Nínú 100 kílò, ẹ jẹ́ ká fi egungun lílọ̀ sí 2.2 kílò, iyọ̀ 0.3, premix (àpòpọ̀ fítámì àti mínírà) 0.25, methionine 0.15, lysine 0.1 (amino acid, èròjà purotéènì, ni méjèèjì yìí). Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 3. Ó ku 97 fún ọjà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Egungun náà mú kálísíọ̀mù wá: tó bá jẹ́ 30%, kílò 0.66 nìyẹn. Nítorí náà kálísíọ̀mù tí à ń wá lára àwọn tó kù jẹ́ 3.6 dín 0.66, ìyẹn 2.94. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á gbàgbé egungun, limestone á pọ̀ jù.

Ó wá kan títò. Ọjà kan, ìlà òòró kan. Ohun kan tí à ń wá, ìlà ìbú kan. Àgbàdo ni B, soya ni C, offal ni D, limestone ni E, ohun tí à ń wá ni G:

Ìwọ̀n (ìlà 2): 1 | 1 | 1 | 1 → 97
Purotéènì (ìlà 3): 0.09 | 0.44 | 0.17 | 0 → 16.5
Kálísíọ̀mù (ìlà 4): 0.0002 | 0.003 | 0.001 | 0.38 → 2.94
Agbára (ìlà 5): 3.4 | 2.23 | 1.87 | 0 → 260

Ẹ wo ìlà agbára dáadáa. 3,400 kílókálórì ni mo kọ ní 3.4, ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún ni mo fi kà á. 2,600 nínú kílò kan lọ́nà 100 kílò jẹ́ 260,000, òun náà di 260. Kò sí ìjàǹbá nínú 3,400 o, àmọ́ kò dáa kí nọ́ńbà ẹgbẹ̀rún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 0.0002, ojú èèyàn kì í tètè rí àṣìṣe níbẹ̀.

MINVERSE ń wá inverse mátíríìsì, ìyẹn mátíríìsì tó ń tú ìṣirò rẹ̀ padà; MMULT ń sọ mátíríìsì méjì di ìlọ́po. Ní I2, ẹ tẹ èyí:

=MMULT(MINVERSE(B2:E5),G2:G5)

Nínú Excel tuntun, ẹ tẹ Enter, ìdáhùn mẹ́rin á tò sísàlẹ̀ fúnra wọn. Nínú Excel àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ fi àmì bo I2 dé I5, ẹ wá kọ ọ́, kí ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Enter pa pọ̀. Tí ẹ bá tẹ Enter nìkan níbẹ̀, àgbàdo nìkan lẹ máa rí.

Ohun tó máa jáde: àgbàdo 55.56, soya 21.23, offal 12.71, limestone 7.51.

Ẹ má tíì gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ. Ẹ sọ ọ́ di tọ́ọ̀nù kan, kí ẹ gé e sí nọ́ńbà tí ìwọ̀n yín lè kà, kí ẹ wá fi dá mátíríìsì náà lóhùn padà. Àgbàdo 555, soya 212, offal 128, limestone 75, ó jẹ́ 970. Purotéènì: 49.95 + 93.28 + 21.76 = 164.99 kílò, ìyẹn 16.5%. Agbára: 2,599. Kálísíọ̀mù pẹ̀lú ti egungun: 35.98 kílò, ó wọ 3.6%. Ẹni tí kò bá ṣe ìyẹ̀wò yìí kò tíì parí iṣẹ́.

Àṣìṣe mẹ́ta ló wọ́pọ̀ níbí. Àkọ́kọ́ ni kíkọ 9 dípò 0.09 nígbà tí ìlà ìwọ̀n jẹ́ 1. Ìkejì ni títo ọjà ní ọ̀nà kan nínú mátíríìsì àti ní ọ̀nà mìíràn nínú ìwé tí ẹ fún ẹni tó ń wọn ọjà. Excel kò mọ orúkọ, òòró kìíní ló máa kọ́kọ́ dáhùn. Ìkẹta ni fífi àyè sílẹ̀ lófo níbi tó yẹ kí òdo wà. MINVERSE á pariwo #VALUE!. Purotéènì limestone jẹ́ 0, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀.

Tí nọ́ńbà bá jáde pẹ̀lú àmì àyọkúrò ńkọ́? Ẹ sọ agbára di 2,900 kí ẹ wò ó: offal á di bíi kílò 11 lábẹ́ òdo. Excel kò ṣì í. Ohun tó ń sọ ni pé ọjà mẹ́rin yìí kò lè gbé agbára dé ibẹ̀ láìyọ offal tí kò sí nínú àpò. Ẹ dín agbára kù, tàbí kí ẹ fi epo rọ́pò offal.

Nǹkan kan ṣì wà tí mo fẹ́ràn gan-an, tí àwọn èèyàn kì í wò. Ẹ tẹ =MINVERSE(B2:E5) nìkan sí ibòmíràn, kí ẹ wo òòró kejì rẹ̀, ti purotéènì. Ẹ máa rí nǹkan bíi -0.83, 3.44, -2.59, -0.02. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tí ẹ bá fẹ́ fi 1% kún purotéènì, tí agbára àti kálísíọ̀mù kò ní yẹ̀, ẹ fi soya 3.44 kílò kún un nínú 100, ẹ yọ offal 2.59, ẹ yọ àgbàdo 0.83. Àròpọ̀ wọn jẹ́ òdo, àpò kò wúwo sí i. Ẹ tẹ òòró yẹn sórí bébà kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Oníbàárà tó bá ní òun fẹ́ 17%, ìdajì nọ́ńbà wọ̀nyẹn lẹ máa lò, ẹ kò nílò kọ̀ǹpútà rárá.

Ìbú_àti_Òòró

Ìbéèrè kejì rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sí inverse níbẹ̀. Ẹ to ọjà sí ìbú, oríṣi oúnjẹ sí òòró, kílò nínú tọ́ọ̀nù kan. Ti layers la ti rí lókè. Ẹ fi àpòpọ̀ tiyín rọ́pò ti grower àti ti òròmọdìyẹ tí mo kọ síbí:

Àgbàdo: 555 | 500 | 560
Soya: 212 | 150 | 290
Offal: 128 | 310 | 110
Limestone: 75 | 10 | 10
Àwọn tó kù: 30 | 30 | 30

Òòró kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ 1,000. Tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀.

Ẹ wá kọ tọ́ọ̀nù tí wọ́n bèèrè sí òòró kan: layers 4, grower 2, òròmọdìyẹ 1. Ẹ fi MMULT so wọ́n pọ̀. Ìlà àgbàdo: 555×4 + 500×2 + 560×1 = 3,780. Soya 1,438, offal 1,242, limestone 330, àwọn tó kù 210. Àpapọ̀ 7,000, ó bá tọ́ọ̀nù méje mu.

Tí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ bá jẹ́ 3, 3, 2, ẹ má ṣí ìwé tuntun. Ẹ kọ ọ́ sí òòró kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́, kí ẹ na àyè MMULT náà dé ibẹ̀. Àgbàdo á di 4,285, soya 1,666, offal 1,534. Mátíríìsì 5×3 nígbà 3×2 á fún yín ní 5×2. Nọ́ńbà inú méjèèjì, 3 àti 3, gbọ́dọ̀ bára mu. Tí ẹ bá yí wọn padà, tí ẹ fi ìbéèrè síwájú àpòpọ̀, #VALUE! lẹ máa rí. Ìlọ́po mátíríìsì kò dà bí 4×5 tó jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú 5×4.

Owó náà ńkọ́? Ẹ kọ iye owó kílò kan ọjà kọ̀ọ̀kan sí ìbú kan, 1×5. Tí ẹ bá fi ṣáájú àpòpọ̀, iye owó tọ́ọ̀nù kan oríṣi kọ̀ọ̀kan á jáde. Tí àgbàdo bá fi ₦10 wọ́n sí i ní kílò kan, tọ́ọ̀nù layers á fi ₦5,550 wọ́n sí i, gbogbo ìbéèrè ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á sì fi ₦37,800 wọ́n sí i. Ẹ máa mọ̀ kí ẹ tó sọ iye fún oníbàárà.

Ọjà_Tútù_Ìpẹ̀rù

Ìṣirò yẹn péye. Ibi tí mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ sí ni inú mátíríìsì náà, nítorí nọ́ńbà inú ìwé kì í ṣe nọ́ńbà inú àpò.

Ẹ wo soya. 44% lẹ kọ. Tí èyí tí wọ́n já fún yín bá jẹ́ 40%, tí ẹ sì po kílò 212 bí a ṣe ṣírò rẹ̀, purotéènì tó sọnù nínú tọ́ọ̀nù kan jẹ́ 8.48 kílò. Oúnjẹ tí ẹ pè ní 16.5% ti di 15.65%. Ẹyin á dín, adìyẹ á máa wá oúnjẹ kiri, oníbàárà á sì ní oúnjẹ yín kò dáa. Mátíríìsì kò lè rí ìyẹn. Gbogbo ọjà soya tuntun ló yẹ kí ẹ bu díẹ̀ lọ sí lábù, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà tí wọ́n fún yín sí C3 kí ẹ tó pò ó.

Àgbàdo tuntun ni èkejì. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé lágbègbè wa nígbà òjò máa ń mu omi lára. Ká ní 12% omi ni nọ́ńbà inú ìwé dá lé, tí ti yín jẹ́ 18%. Ohun gbígbẹ tó wà nínú rẹ̀ ti bọ́ láti 88% sí 82%. Ẹ sọ àwọn nọ́ńbà òòró àgbàdo di ìlọ́po 82/88: purotéènì di 8.39%, agbára di bíi 3,168. Pẹ̀lú àgbàdo 555 kílò, agbára oúnjẹ layers á bọ́ sí bíi 2,470. Purotéènì kò ní já púpọ̀, bíi 0.34% ni, ìdí nìyí tí àwọn tó ń wo purotéènì nìkan kì í fi mọ̀ ọ́n. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń wọn omi ara àgbàdo, kí ẹ tẹ B3 àti B5 sínú ìwé bí ọkọ̀ ṣe ń já ẹrù. Ẹ má sì tọ́jú àgbàdo tí omi rẹ̀ bá ju 13% lọ sínú àpò, yóò bu.

Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n fúnra rẹ̀. Ìwọ̀n ńlá tó ń kà ní kílò kan-kan kò lè wọn methionine 1.5 kílò fún tọ́ọ̀nù. Ìwọ̀n kékeré ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Premix 2.5 kílò yẹn náà, ẹ kọ́kọ́ po òun àti methionine àti lysine mọ́ bíi 20 kílò àgbàdo lílọ̀ nínú báàfù, kí ẹ tó dà á sínú ẹ̀rọ. Bí ẹ bá ju ú sínú tọ́ọ̀nù kan báyìí, ibì kan á rí i, ibì kan ò ní rí i, bí ìṣirò yín ti wù kó péye tó. Ẹ yọ 20 kílò yẹn kúrò lára 555 o, kí ẹ má bàa kà á lẹ́ẹ̀méjì.

Fún rírà, ẹ má fi kílò lásán ránṣẹ́ sọ́jà. Soya 1,438 nínú àpò 50 kílò jẹ́ 28.76, ẹ fi ROUNDUP sọ ọ́ di 29. Àgbàdo 3,780 nínú àpò 100 jẹ́ 37.8, òun náà di 38. Ẹ kọ èyí tó ṣẹ́ kù sí ìwé ìyára ọjà, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Gàrí_Ìjẹ̀bú_Igbó

Ẹ kú ìmọ̀ràn o. Mo fẹ́ fi kún un, gàrí Ìjẹ̀bú ni tèmi. À ń di gàrí sí nylon kílò 1, kílò 2 àti kílò 5. Lébẹ́ẹ̀lì 200 ló wà, gàrí 500 kílò, àsìkò tí àwọn tó ń dì í ní jẹ́ ìṣẹ́jú 340. Kílò 1 ń gba ìṣẹ́jú 1, kílò 2 ìṣẹ́jú 1.5, kílò 5 ìṣẹ́jú 3. Mo tò ó báyìí:

1 | 1 | 1 → 200
1 | 2 | 5 → 500
1 | 1.5 | 3 → 340

Excel ń sọ #NUM!. Kò sí àyè òfo, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìbú_àti_Òòró

Ìyá wa, ẹ kò tẹ ohunkóhun ṣì. Ẹ ro ìlà kìíní àti ìkejì pọ̀, kí ẹ pín in sí méjì: (1+1)/2 = 1, (1+2)/2 = 1.5, (1+5)/2 = 3. Ìlà kẹta yín gan-an nìyẹn. Àsìkò dídì jẹ́ ìdajì ìṣẹ́jú fún nylon kan pẹ̀lú ìdajì ìṣẹ́jú fún kílò kan, torí náà ẹni tó ti mọ iye nylon àti iye kílò ti mọ ìṣẹ́jú. Ìdọ́gba mẹ́ta lẹ kọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ tẹ =MDETERM sórí rẹ̀ (ó ń fún yín ní determinant, nọ́ńbà kan tó ń sọ bóyá inverse wà), òdo ló máa fún yín, mátíríìsì tó bá sì ní òdo kò ní inverse.

Ó tún ku nǹkan kan. Nylon 200 àti kílò 500 gbọ́dọ̀ gba ìṣẹ́jú 350, bí ẹ bá tilẹ̀ dì í lọ́nà wo. Ìṣẹ́jú 340 tí ẹ ní kò lè tó láé. Ẹ wá ìṣẹ́jú 10 kún un, tàbí kí ẹ dín gàrí kù sí 480.

Láti rí ìdáhùn kan ṣoṣo, ẹ fi ọ̀rọ̀ tuntun rọ́pò ìlà kẹta, èyí tó ti ọjà wá. Bí àpẹẹrẹ, tí nylon kílò 1 àti ti kílò 5 bá máa ń tà ní iye kan náà, ìlà náà á di 1 | 0 | -1 → 0. Ìdáhùn: 50, 100, 50. Gàrí: 50 + 200 + 250 = 500. Ìṣẹ́jú: 50 + 150 + 150 = 350.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀kan yìí o. Tí nọ́ńbà bá ní àmì ìdámẹ́wàá, bíi 0.1 àti 0.3, kọ̀ǹpútà lè má rí òdo gan-an. Dípò #NUM!, á gbé nọ́ńbà gọbọi tó gùn bí ọ̀nà Èkó jáde. Ẹ máa wo MDETERM bóyá ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo kí ẹ tó gba ìdáhùn gbọ́.

Solver_Òde_Rẹ́mọ

Àfikún kékeré fún Alápòpọ̀. Inverse ń fún yín ní àpòpọ̀ tó bá ohun tí ẹ bèèrè mu, kì í fún yín ní èyí tó dínwó jù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ti ní ọjà mẹ́fà tàbí méje, tí ọ̀rọ̀ sì di "kó má dín sí" àti "kó má ju", mátíríìsì kò ní dọ́gba ní ìbú àti òòró mọ́, MINVERSE á kọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni Simplex ti wọlé, ọ̀nà ìṣirò tó ń wá èyí tó dínwó jù láàárín òfin, tí George Dantzig gbé kalẹ̀ ní 1947.

Nínú Excel: File, Options, Add-ins, Go, kí ẹ fàmì sí Solver. Àyè tó ń ka owó tọ́ọ̀nù kan ni Objective, ẹ yan Min. Àwọn kílò ni àyè tó máa yí padà. Ẹ fi MMULT kan náà ka purotéènì, kálísíọ̀mù àti agbára, kí ẹ wá kọ òfin yín: purotéènì ≥ 16.5, kálísíọ̀mù (pẹ̀lú 0.66 ti egungun) ≥ 3.5 àti ≤ 4, agbára ≥ 260, ìwọ̀n = 97. Ẹ fàmì sí ibi tó ní kó má sí nọ́ńbà tó kéré sí òdo, kí ẹ yan Simplex LP, ẹ má yan GRG.

Ẹ má gbàgbé láti fi òpin sí offal. Solver kò mọ̀ pé adìyẹ kò fẹ́ràn oúnjẹ tó kún fún èèpo. Lọ́jọ́ tí offal bá dínwó, á kó o dà sínú rẹ̀ títí á fi kan òfin mìíràn. Ẹ kọ offal ≤ 20 fún layers sínú òfin yín kí ẹ tó tẹ Solve.

Alápòpọ̀_Ṣàgámù

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti tò ó, 55.56 ló jáde. Ibi tí mo ti ṣì í tẹ́lẹ̀ ni kálísíọ̀mù egungun, 3.6 ni mo kọ dípò 2.94, limestone fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 9.3. Ìbéèrè kan péré ló kù: ṣé ti egungun ní láti lọ sí lábù náà, àbí kí n máa lo 30%?

Ọjà_Tútù_Ìpẹ̀rù

Ẹ gbé e lọ. Àwọn tó ń lọ̀ ọ́ máa ń po iyanrìn mọ́ ọn nígbà míì. Tó bá jẹ́ 24% ni, kílò 2.2 yẹn á mú 0.53 wá, kì í ṣe 0.66. G4 á di 3.07. Kí ẹ tó gbé e lọ, ẹ bu díẹ̀ sínú omi inú gíláàsì: tí iyanrìn bá pọ̀, ó sábà máa ń ṣáájú jókòó sísàlẹ̀.